Àwọn Àmì Tí Etí Ń Gbọ́

Ọjọ́ tí Ojú Àwòdì kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ mi, àga ló fẹsẹ̀ gbá. Àga ńlá ni, àárín yàrá gan-an ló wà, kò sì sí ohun tó bò ó. Ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò rí i ni." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ la jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, nítorí náà Wáyà ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló ń ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó lè mú àṣìṣe inú rẹ̀. Bí kọ́mà kan ṣoṣo bá ṣìnà ní ojú ewé igba, yóò rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ojú Àwòdì.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá wa ti pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa fi Máàkìdáùn kọ ìwé. Kì í ṣe ohun tó le. Dípò kí èèyàn máa wá bọ́tìnnì tí yóò mú ọ̀rọ̀ nípọn tàbí tí yóò sọ ọ́ di àkọlé, àmì kéékèèké ni yóò fi sí ara ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ni yóò wá sọ àwọn àmì yẹn di ojú ìwé tó gún régé. Mo ti kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìpàdé. Wákàtí kan péré ló gbà.

"Ṣé ẹ ò wá sí ìpàdé ni?" mo bi í.

"Mo wá. Iwájú gan-an ni mo jókòó sí. Mi ò rí ohun tí ẹ kọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka ìwé ẹlòmíràn. Dókítà ojú ní omi inú ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń tẹ iṣan ojú pa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti lọ, ẹ̀gbẹ́ òsì ti lọ, àárín ló kù, bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù. Kò lè ju ọdún kan lọ, ìyẹn náà á lọ.

"Ta ló mọ̀?"

"Ìyá mi. Ẹ̀yin lẹ ṣìkejì."

Ó fa àga yẹn, ó jókòó. "Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. Tí mo bá fi bọ́tìnnì mú ọ̀rọ̀ nípọn, ṣé á sọ fún mi?"

"Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sọ."

"Tí mo bá fi àmì sí i ńkọ́?"

Mi ò ro ọ̀rọ̀ náà báyẹn rí. "Á ka àmì náà," mo ní. "Á pè é jáde lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ kọ́ mi nígbà náà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn yòókù bá ti ń palẹ̀ mọ́, yóò gòkè wá. Ó ní kí n fi aṣọ bo ojú kọ̀ǹpútà kí òun má bàa máa fi ojú yẹn ṣe gbájúẹ̀ fún ara òun. Ọwọ́ nìkan ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù, etí nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Háàṣì kan, àmì onílà mẹ́rin tó dábùú ara wọn yẹn," mo ní, "ẹ fi àlàfo tẹ̀ lé e, àkọlé ìwé nìyẹn. Méjì, àkọlé orí. Mẹ́ta, àkọlé kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀."

"Bí ó ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ń kéré sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi àti dókítà ojú nìyẹn. Bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ tó ni ojú ń kéré tó."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́ ọ pé àmì ìràwọ̀ kan níwájú ọ̀rọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, á nípọn, á dúdú. Dáàṣì kan, àmì ìlà kúkurú yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, á di ohun tí a tò sísàlẹ̀ ara wọn. Ohun tó kọ́kọ́ dà á láàmú ni ìpínrọ̀. Ó ń tẹ ẹ́ńtà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ń padà lọ lẹ̀ mọ́ra wọn. "Ẹ fi odindi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo," mo ní. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbàgbé mọ́ láé.

Ní oṣù kejì, mo ní kó to nǹkan mẹ́ta fún mi, èyíkéyìí tó bá wù ú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí ẹ̀rọ kà á. Ẹ̀rọ kà á síta, bó ṣe máa ń kà láìmojú ẹnikẹ́ni:

"Dáàṣì, Wáyà kì í jẹun ọ̀sán. Dáàṣì, Wáyà ń fi imú rẹ́rìn-ín. Dáàṣì, mo, ìràwọ̀ ìràwọ̀, fẹ́ràn, ìràwọ̀ ìràwọ̀, Wáyà."

Ara mi bù máṣọ. Ó ti gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Ṣé mo tò ó dáadáa?" ó bi mí.

"O tò ó dáadáa," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò pè é ní ẹ̀yin.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń sìn ín dé ibùdókọ̀. Mo ń pè é ní ẹyinjú mi títí ó fi ní, "Wáyà, wá orúkọ mìíràn. Ẹyinjú ti di ohun tí kò ṣeé gbára lé." Mo bá ń pè é ní ààyò mi. Inú mi dùn débi pé mò ń gbàgbé pé ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Òun kì í gbàgbé. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Lónìí, mi ò rí ilẹ̀kùn mọ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí."

Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ gba ìdajì yàrá. Ìyá náà kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ṣé o ti sọ ọ́ fún ìyá tó bí ọ?"

"Mi ò tíì sọ ọ́, Mà."

"Lọ sọ ọ́ fún un kí o tó tún sọ ọ́ fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Mo lọ. Ìyá mi ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ojú, ó dá ọwọ́ dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan lára bàbá mi ti rọ kí ó tó kú, ohùn rẹ̀ náà sì lọ. Ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ìyá mi ní. "Mo wẹ̀ ẹ́, mo bọ́ ọ, mo gbé e. Ìwọ ń sùn nígbà tí mo bá ń sunkún. Mi ò bí ọ kí o wá jẹ irú ìyà yẹn."

"Màmá, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Wàá bímọ, ta ni yóò rí i tí ọmọ bá ń rá lọ sídìí iná?"

Kí n tó dáhùn, ìyá mi kúnlẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi láàárín aṣọ tó ń ká. Mo gbé e dìde, mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò sọ fún ààyò mi. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, pé Màmá ń rò ó. Ó ní kò burú. Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá. Mo ṣì ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò mẹ́nu kan ìgbéyàwó mọ́, òun náà kò sì bi mí. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní aago mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà yẹn. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri rìn.

Ọ̀gá gbọ́. Ó ní ẹni tí kò ríran kò lè máa ka ìwé fún ilé iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n òun yóò dán an wò. Ó gbé fáìlì ìwé sáyẹ́ǹsì kan fún un, ojú ewé àádọ́jọ, pé kó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó sì yọ àṣìṣe inú rẹ̀. Òun nìkan ló ṣe é. Èmi tó yẹ kí n jókòó tì í, mo ní Màmá ń ṣàìsàn. Àìsàn kankan kò ṣe Màmá.

Nígbà tí fáìlì náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sọ ọ́ di ojú ìwé. Gbogbo àkọlé dúró sí àyè rẹ̀, kò sí ìràwọ̀ kan tó ṣáko. Ọ̀gá ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́, láti ẹ̀yìn.

Nílé, mi ò lè jẹun, mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó, màá kàn máa wo ilẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá mi gbé abọ́ tí mi ò fọwọ́ kàn kúrò níwájú mi. Ó ní, "Mo ti bá ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ gbé nínú ilé yìí rí. Mi ò lè bá ìkejì gbé. Wọ bàtà rẹ, jẹ́ ká lọ bá ọmọbìnrin náà."

A bá a nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó ń to bọ́tìnnì aṣọ sínú agolo, ó ń fi ọwọ́ mọ̀ wọ́n. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, èmi ni mo dá a dúró. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

Ó wá ọwọ́ ìyá mi, ó dì í mú. "Ẹ má bẹ̀ mí, Mà. Òótọ́ lẹ sọ, ẹni tó bá ti jẹ ìyà ló mọ̀ ọ́n. Mi ò bínú sí yín rárá." Ó wá kọjú sí ibi tí mo wà. "Wáyà, kí ló dé tí o fi fara mọ́ ògiri lọ́jọ́ yẹn?"

Mi ò sọ èyí tẹ́lẹ̀ nítorí ojú ń tì mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń dán an wò, mo pàdé rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́, àwa méjì péré. Ó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri. Mo mọ̀ pé kò lè rí mi. Mo fara mọ́ ògiri kejì, mi ò mira, kó lè kọjá láìmọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"O mọ̀?" mo ní.

"Mo gbọ́ èémí rẹ. Mo dúró díẹ̀ kí o lè pè mí. O ò pè mí."

"Dáríjì mí, ààyò mi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo ti dáríjì ọ́ tipẹ́." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni mò ń lọ yìí. Ẹni tó bá máa bá mi gbé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ní. Tí ó bá lè dákẹ́ kí n má bàa mọ̀ pé ó wà nítòsí, èmi nìkan ni mo wà nìyẹn, ì báà jẹ́ ọkọ mi. Mi ò lè fẹ́ ọ."

Ìyá rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi í sílẹ̀.

"Ṣé o kò fẹ́ràn mi mọ́ ni?" mo bi í.

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ì bá rọrùn ká ní mi ò fẹ́ràn rẹ." Ó da bọ́tìnnì tó kù padà sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ máa lọ, Mà. Ó dà bíi pé òjò ń bọ̀."

Èmi àti ìyá mi dúró ní ibùdókọ̀. Òjò ti ń kán. Màmá ń lọ́ etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka.

"Èmi ni mo fà á," ó ní.

Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe òun, pé òun kọ́ ló mú mi dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí.

"Ẹ wọlé, Màmá," mo ní. "Àyè wà lẹ́yìn."