Bàbá Kò-gbà Sọ Oògùn Lókò

"Mo ní ewúrẹ́ yìí rẹ́rìn-ín!"

"Arẹwà, ewúrẹ́ kì í rẹ́rìn-ín. Eyín òkè gan-an, kò ní."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Mélòó ló kù lókè tiyín, tẹ́ ẹ sì ń rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, láàárọ̀. Fìlà tuntun tí ọkọ dé ni ìyàwó ní ewúrẹ́ ń fi ṣẹ̀sín. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ. Torí pé kì í gbà fẹ́nì kan, Bàbá Kò-gbà làdúgbò ń pè é. Ìyàwó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàbá fúnra ẹ̀ ló ń gún un lábẹ́rẹ́, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀ bíi pé ọmọ jòjòló ni. Oògùn sì ti tán nílé.

Ni nǹkan kan bá ń kùn bọ̀ lókè bí oyin tó yó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ojú kan lábẹ́ ikùn.

"Amí ni! Ìyàwó mi ló ń wò!"

Òkò kan péré. Gbàgà! Nǹkan ọ̀hún já lulẹ̀, ìgò oògùn inú ẹ̀ fọ́ yángá.

Àṣé ọ̀nà tó bàjẹ́ ló jẹ́ kí ilé ìwòsàn máa fi dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, gbé oògùn, ti ìyàwó Bàbá ló sì wà nínú eléyìí. Ọkọ̀ oníkéde ti kọjá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní kí gbogbo ìlú wá sọ̀rọ̀ lórí òfin ẹ̀. Bàbá ní oògùn èkúté ni wọ́n ń tà, ó ti fèrèsé.

Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ìyàwó ṣáá, ojú ẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá gbé e sínú bárò, ó ká fìlà tuntun sábẹ́ orí ẹ̀, ó ń tì í lọ sílé ìwòsàn, ó ń sunkún. Ewúrẹ́ tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì gún ìyàwó lábẹ́rẹ́, ojú ẹ̀ là díẹ̀díẹ̀.

"Ó ní ojú lábẹ́," ni Bàbá ń sọ.

"Ibi tó máa balẹ̀ ló ń wò, Bàbá. Àmọ́ ta ló ń tọ́jú àwòrán tó bá yà? Òfin ò tíì sọ, káńsù ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ bá wá fẹnu bi wọ́n, òkò ò lè béèrè ọ̀rọ̀."

Káńsù ní kí Bàbá kan pèpéle tí dúróònù á máa balẹ̀ sí, lọ́fẹ̀ẹ́. Nípàdé kejì, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ìbéèrè ẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sófin pé kí wọ́n máa pa àwòrán ẹ̀yìnkùlé ẹlẹ́yìnkùlé rẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí nǹkan tuntun bá wọ̀lú, ẹ má ti fèrèsé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ òfin ẹ̀. Ẹ bi wọ́n: kí ló ń rí, ta ló ń tọ́jú ẹ̀, ta la máa ké sí tó bá ṣe wá léṣe? Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á bá a kọ tiẹ̀.

Níbi tí Bàbá ti ń kan pèpéle, òòlù bá a ní àtàǹpàkò. Ewúrẹ́ yanu: "Mẹ̀ẹ̀-hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀!"

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni ìyàwó wí.

"Ikọ́ ni."

Bàbá tún fìlà ẹ̀ dé, ó fi ìka sẹ́nu, ó bá tiẹ̀ lọ bí ẹni tí adájọ́ dá láre.