Pulọ́ọ̀gì Tó Já Bọ́ Nílé Ìyá Aránṣọ

Èmi ni mo kọ́ oòrùn bí wọ́n ṣe ń ràn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Lọ́jọ́ tó ń ṣọ̀lẹ lẹ́yìn ìkùukùu, mo fi sípánà kàn án lórí lẹ́ẹ̀kan péré, ó mọ́lẹ̀ kedere. Wọn ò ṣàdédé máa pè mí ní Mànàmáná. Jẹnẹrétọ̀ tó ti kú fún ogún ọdún, bí mo bá súfèé sí i, á dìde, á bèèrè epo.

Àmọ́ bí mo bá délé, àga kan, ṣíbí kan, ògiri mẹ́rin. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ kúulé o." Ògiri kì í dáhùn.

Ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń dá mi lóhùn ni ti Ìyá Aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ọmọ náà máa ń ráyè pè é, kí wọ́n lè rójú ara wọn lórí fóònù. Iná ìjọba kò ṣe é gbára lé, jẹnẹrétọ̀ ló fi ń gba iná sí fóònù, èéfín rẹ̀ sì ti sọ àyà ìyá di ààrò. Bó bá wúkọ́, abẹ́rẹ́ á fò jáde nínú máṣíìnì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ tún kọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iná.

"Màmá," ló ń wí, "ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ kí iná wa máa ti ara oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ wá. Ọ̀nà tí a ó gbà ni wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹ wá sípàdé lọ́jọ́ Sátidé."

"Ìyá, ẹ má dá a lóhùn!" ni mo ké. "Níbi tí wọ́n gbé sólà sórí ilé, ó mu oòrùn tán! Àkùkọ ibẹ̀ ò mọ ìgbà tílẹ̀ ń mọ́ mọ́!"

Ìyá rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Obìnrin náà ò tiẹ̀ wò mí. "Òfin lè pàṣẹ fún iléeṣẹ́ tó ń ta iná pé kí ìdá báyìí nínú rẹ̀ jẹ́ iná tí kò ní èéfín, kó máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ó sì lè gba onísólà láyè kó dá iná tó bá ṣẹ́ kù fún un padà sórí wáyà ìjọba, kí wọ́n yọ ọ́ nínú iye iná tó lò."

"Igi tí ọkọ mi gbìn ló bo òrùlé mi," ni Ìyá wí. "Mi ò ní gé e."

"Ọ̀nà kẹta wà: kí àdúgbò ní sólà kan níbi tí oòrùn wà, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìpín nínú rẹ̀."

"Èwo ló dáa jù?"

"Wọ́n lè pa wọ́n pọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ṣòfin ò mọ̀ pé igi wà lórí ilé yín, àfi bẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́."

"Ìpàdé kẹ̀?" ni mo wí. "Èmi á bá yín sọ ọ́!" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé mo fẹ́ wo jẹnẹrétọ̀.

Kọ̀ràn! Pulọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú jẹnẹrétọ̀ Ìyá já bọ́ láti àpò àyà mi sórí símẹ́ńtì.

Ìyá wò ó. "Ọjọ́rú lo máa ń wá kí mi. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń bàjẹ́. Mànàmáná, ìwọ ni?"

"Ìyá, bí kò bá bàjẹ́, ta ni yóò máa pè mí?"

Ó wo fóònù tó ti kú lórí tábìlì. "Ọmọ tèmi náà ń pè mí. Ìwọ lò ń pa ìpè rẹ̀."

Ó mú ọ̀pá ìwọnṣọ. Mo ń fẹ̀yìn rìn sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ iná, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ẹ bèèrè ọ̀nà tó bá ilé yín mu. Bí igi bá bo òrùlé yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí èéfín ń bọ́ gbẹnu yín sọ̀rọ̀. Mo ṣì lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ti gbéra.

"Sátidé, aago mẹ́wàá!" ni Ìyá ń pariwo lẹ́yìn mi. "Sólà náà á nílò alátùn-únṣe, òpònú!"

Mo sáré débi pé òjìji mi ò délé títí dọjọ́ kejì.