Ẹni Tó Ń Yáná Nídìí Ẹ́ńjìnì

Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì náà, ó gbóná. Oòrùn ò tíì yọ. Kùrukùru ṣì bo oko tíì tó wà lókè wa, omi ń kán lára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, otútù Tukuyu, ìlú wa, sì ń ta èèyàn létí. Ṣùgbọ́n irin yẹn gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Mo yíjú sí Sichalwe, ọkùnrin ará Tunduma tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún wa.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo bá yín sọ lórí fóònù?"

"Ẹ ní kí n má ṣíná sí i látàná."

"Ẹ sì ṣíná sí i."

"Mi ò ṣíná sí i, àǹtí. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni kọ́kọ́rọ́ sùn." Kò wò mí lójú bó ti ń sọ ọ́.

Mo pòṣé. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń tún katakata ṣe ní oko tíì, bàbá mi ló sì kọ́ mi níṣẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáná. Kò sí ẹtàn àwọn tó ń ta ọkọ̀ díísù àlòkù tí mi ò mọ̀. Wọ́n á ti mú ẹ́ńjìnì gbóná kí oníbàárà tó dé, torí díísù tó ti gbó dà bí arúgbó: ìgbà tó bá ń jí láàárọ̀ lo máa mọ ibi tó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dé kí oòrùn tó yọ, tí mo sì máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹlòmíì ni mo bá wò ó. Ọkọ mi ni, Ambakisye, tí mò ń pè ní Bàbá Tusekile. A fẹ́ ta màlúù wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè máa fi ọkọ̀ tirẹ̀ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ tà ní ìlú Mbeya. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ta màlúù rẹ̀ tán, bó bá sọ̀rọ̀ láwùjọ, wọ́n á ní ta ló ń pariwo. Èyí tó tún burú jù ni ọ̀nà orí òkè yẹn. Bí ọkọ̀ náà bá já wa kulẹ̀ nílé, màlúù lọ. Bó bá já a kulẹ̀ lórí òkè, ọkọ mi lọ.

"Ìyá Tusekile, fara balẹ̀," ọkọ mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bóyá ẹ́ńjìnì náà kàn ní ooru lára ni."

"Bàbá Tusekile, ẹ dákẹ́ ná. Irin kì í ṣàìsàn ibà."

Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ihò èéfín. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn iwájú ni mo rí bàbá arúgbó kan lórí àga ẹ̀yìn. Ó fi kúbùsù pupa wé ara rẹ̀ dé ọrùn. Ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ wálẹ̀ bò ó lójú, àpá kan sì fa ìlà sí àgbọ̀n rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń jáde lára rẹ̀. Mo rò pé bàbá Sichalwe ni.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú ẹ́ńjìnì yìí gbóná?"

"Otútù ń mú mi." Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. "Mo ń yáná ni. Ọkọ̀ yìí dáa. Ẹ rà á."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Mo ṣíná sí i. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da epo ẹ́ńjìnì sí, mo kàn gbé e lé orí ihò náà láìdé e pa. Ẹ́ńjìnì tó ti jẹ tán nínú á máa tú èéfín, á sì máa ta ọmọrí yẹn fò. Èyí ò mira. Mo fi áńkáṣífù funfun gba èéfín ẹ̀yìn, kò dúdú, kò ní àwọ̀ aró, kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bí ẹ bá bi ọwọ́ mi, ọwọ́ mi á ní ẹ rà á.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ bíréèkì. Rọ́bà rẹ̀ ti jẹ kan irin. Ọwọ́ èèyàn ti fá síárìn rẹ̀ títí tó fi ń dán. Ọkọ̀ tó ti rin ìrìn tó pọ̀ tó báyìí, báwo ni inú rẹ̀ ṣe mọ́ bíi ti ọmọ tuntun? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

"Màá wà á dé ìsàlẹ̀ òkè kí n tó sọ̀rọ̀," ni mo wí.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ níbí kì í jẹ́ kí oníbàárà wà á lọ láìfi èèyàn sílẹ̀, torí náà ọkọ mi ló dúró. Mo ní kí Sichalwe wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kò pọndandan. Ó ti rìn sẹ́yìn kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo fi bàbá arúgbó náà sílẹ̀ síbi tó wà, torí mi ò lè lé àgbàlagbà sínú otútù.

A ò tíì rìn jìnnà tí bàbá náà fi sọ̀rọ̀.

"Ṣé ọkọ rẹ ló máa máa wà á?"

"Òun ni."

"Òun nìkan?"

"Bàbá, kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ó pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀."

Mo gbójú sókè sínú dígí, mo wò ó tààrà. Ẹnu yà á. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé ìwẹ̀.

"Ojú mi lò ń wò yẹn?"

"Ojú yín ni. Ẹni tó bá fẹ́ tajà fún mi, mo gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀. Obìnrin tó ń wolẹ̀ ni wọ́n ń ta jákujàku fún."

Bí ọ̀nà ṣe dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ níbi tí ẹ ó ti máa wo odò Kiwira nínú àfonífojì, mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnì ń lọ sókè. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Ó túbọ̀ ń lọ sókè. Mo yí kọ́kọ́rọ́ pa, mo fà á yọ, mo sì mú un lọ́wọ́ báyìí, síbẹ̀ ẹ́ńjìnì náà ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ọ̀nà mọ́. Èéfín aláwọ̀ aró ló bò ó.

Ẹni tó bá mọ díísù mọ ohun tí mò ń sọ. Bí inú rẹ̀ bá ti jẹ tán, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ẹ́ńjìnì ara rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Á máa sáré títí yóò fi fọ́. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mo fi í sí jíà tó ga jù kó lè kú, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ti jẹ ń yọ̀, kò kú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo yà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo fi imú rẹ̀ gún ebè iyẹ̀pẹ̀ kan, ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń ké.

"Jẹ́ kó máa sáré," bàbá náà sọ. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó jókòó ti ààrò. "Ó ti ń gbóná dáadáa báyìí."

"Ẹ ti ya wèrè," ni mo wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ fẹ́ kó máa wà á?"

Mo nílò ohun tí màá fi dí ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, kó lè kú. Kò sí nǹkan míì nínú ọkọ̀ náà. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn, mo di kúbùsù yẹn mú. Ó fi ọwọ́ kan dì í mọ́ra. Ọwọ́ náà kàn mí, ó tutù bí òkúta inú odò. Mo já a gbà. Mi ò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa rọ́bà afẹ́fẹ́ yọ, mo ki kúbùsù náà bọ ihò, mo sì fi gbogbo ara tì í. Ẹ́ńjìnì náà fà á mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ mi. Mo tì í. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.

Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lórí àga. Ilẹ̀kùn tí mo ṣí nìkan ló wà ní ṣíṣí. Amọ̀ tútù ló kù síbi tó jókòó.

Ọkọ mi ti sáré dé, Sichalwe ń mí gùlegùle lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi fọwọ́ kàn mí láti orí dé ẹsẹ̀ bóyá mo fara pa. Lẹ́yìn náà ló rí kúbùsù. Ó fà á yọ, ó tú etí rẹ̀ kan wò, níbi tí wọ́n ti fi okùn ìpẹja dúdú rán ojú ihò kan.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lára bàbá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀."

"Bàbá wo? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

Mo sọ fún un. Ìpéǹpéjú òsì. Àpá àgbọ̀n. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀nà.

"Èmi ni mo rán ihò yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ló wí. "A fi sin bàbá mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wé e."

Ẹ lè bi mí pé báwo ni mi ò ṣe dá bàbá ọkọ mi mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í rí ojú bàbá ọkọ. Bí mo bá gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lọ́nà, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń sá wọ̀, màá kẹ̀yìn síta títí yóò fi kọjá. Mi ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé àgbàlá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó kú, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn yẹn, á ti mọ̀ ọ́n. Èmi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo fèsì fún un, mo wò ó lójú, mo sì tú aṣọ lára rẹ̀.

Sichalwe ti yọ fìlà. "Ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni. Ọkọ̀ yìí máa ń tutù bíi ti gbogbo ọkọ̀. Ọjọ́ tí ọkọ yín pè mí pé òun fẹ́ rà á ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kò tíì tutù láti ìgbà náà."

A ò rà á. Ẹsẹ̀ la fi rìn délé, ìròyìn sì ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ìyá ọkọ mi àti àwọn àgbà mẹ́ta ti jókòó. Wọ́n ní mo ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, kí a pa màlúù kan, kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ òkú.

"Mi ò ní bẹ̀ ẹ́," ni mo wí.

"Ìyá Tusekile," ìyá ọkọ mi sọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "o tú bàbá ọkọ rẹ síhòòhò."

"Ó fẹ́ pa ọmọ yín, Màmá. Otútù ń mú un nínú ilẹ̀, ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá sùn tì í. Ṣé èmi ni kí n bẹ̀bẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní màlúù, ẹ fún un. Èmi ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ."

Mo wo ọkọ mi. Bó bá ní kí n dákẹ́, mi ò mọ̀ bóyá màá dákẹ́. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì yà fún mi lọ́nà.

Sàréè náà wà lẹ́yìn ilé, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo wọn tẹ̀lé mi, wọ́n dúró lókèèrè. Nígbà ayé rẹ̀, ibi tí mò ń sá sí fún un gan-an nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọjú sí i.

"Asegelile," ni mo pè.

Ìyá ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo tún un pè sókè, kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́.

"Asegelile. Èmi ni Subilaga, ìyàwó ọmọ yín. Mo ti rí ojú yín, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ yòówù kẹ́ ẹ wọ̀, màá dá yín mọ̀. Ambakisye kì í ṣe iná tí ẹ máa yá."

Nínú ilẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ẹnì kan wúkọ́.

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sá lọ lẹ́yìn mi, àwọn àgbà, ìyá ọkọ mi, títí kan ọkọ mi. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ya bí wọ́n ṣe ń gbà á kọjá. Mo ká ìró mi, mo jókòó lórí iyẹ̀pẹ̀ náà.

"Ó dáa, ẹ ń gbọ́ mi," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán."