Ooru Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Inú yàrá gbọọrọ tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò, lẹ́yìn ilé ìtajà ìbọn ọdẹ kan ní Swords, ìlú kékeré tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú Dublin, ni òkú Timothy dùbúlẹ̀ sí. Ọta kan ṣoṣo. Àyà ló bà. Òun ló ni ilé ìtajà náà.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Adéjùmọ̀kẹ́, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ní àgọ́ Gárdà, ọlọ́pàá ilẹ̀ Ireland, wo òkú, ó wo aago. Agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àárín agogo kan sí méjì ni wọ́n pa á, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn fún oúnjẹ ọ̀sán. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró. Bàálù kì í sinmi lórí òrùlé yẹn.

Ìbọn ọdẹ tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú wà nílẹ̀. Sàlẹ́ńsà, irin tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kí ìró rẹ̀ lè rẹlẹ̀, kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Inú àpò Olúwatìmí, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ni wọ́n ti rí i, nínú tówẹ́ẹ̀lì tó ti jó dúdú. Lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ nípọn kan rọ̀ sórí ìṣó. Tuntun ni. Wọn kò tíì tú u kúrò nínú ọ̀rá.

Èèyàn mẹ́ta ló kù tó ní kọ́kọ́rọ́.

Priscilla, ìyàwó olóògbé, kò sunkún.

"Ilé ìwòsàn Blanchardstown ni mo wà, lọ́dọ̀ màmá mi. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì."

"Wọ́n ní ìwọ àti ọkọ rẹ máa ń jà."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a fi jà. A kò pa ara wa."

Àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́rìí sí i.

Olúwatìmí gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Sàlẹ́ńsà mẹ́ta ló wà ní ìpamọ́ yín. Èwo ló yẹ ìbọn yìí?"

"Èyí tó wúwo jù, Mà. Nínú ọ̀pá kúkurú, ẹ̀tù kì í jó tán kó tó jáde. Inú sàlẹ́ńsà ni iná àti agbára rẹ̀ ń já sí. Àwọn méjì tó fúyẹ́, ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ni wọ́n wà fún. Wọ́n lè bẹ́."

"Èyí tó wúwo jù ni apànìyàn mú."

"Mo mọ̀, Mà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn ló yàn án."

"Níbo lo wà?"

"Inú mọ́tò mi, mò ń sùn. Péjú ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́jọ, kò jẹ́ ká sùn lóru. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí Timothy ń bá mi gbà ni àwa méjèèjì ń retí. Bí ẹ bá mú mi lónìí, Mà, ilẹ̀ yìí ni wọ́n máa bí ọmọ náà sí, tí èmi ò ní sí níbẹ̀."

"Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án?"

"Àtẹ tí mo kọ wà lára ògiri ọ́fíìsì. Láolú, akọ̀wé wa, ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò yìnbọn níbí rí."

"Ìbọ̀wọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ti tẹ́lẹ̀ ti ya, mo ti sọ ọ́ nù. Òwúrọ̀ yìí ni tuntun dé. Láìsí i, mi ò lè fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Bí ìbọn bá ṣe kúrú tó ni ooru rẹ̀ ṣe ń le tó."

Láolú ló ń tọ́jú ìwé àwọn oníbàárà. Ó gbé tíì wọlé fún Adéjùmọ̀kẹ́, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ òsì gbé ife náà síwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Bàbá mi, alàgbà ìjọ ni ní Ìbàdàn. Wọn ò kọ́ wa ní irú ìwà báyìí."

"Níbo lo wà ní agogo kan?"

"Parnell Street, Mà, láàárín ìlú Dublin. Mo lọ ra gàrí. Ẹ wo báàgì rẹ̀."

"Ta lo fura sí?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni Olúwatìmí, ṣùgbọ́n òun ló mọ sàlẹ́ńsà. Èmi, ìwé ni mo mọ̀."

Adéjùmọ̀kẹ́ mu tíì náà tán. Ó na ife òfìfo sí i. Ọwọ́ òsì ni Láolú tún fi gbà á.

"Ọmọ alàgbà, ẹ̀ẹ̀mejì nìyí. O fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, o fi gbà á padà, o kò sì tọrọ gáfárà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Mà. Dublin ti bà wá jẹ́."

"Dublin kọ́ ló fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ sínú àpò. Mú un jáde."

Ó pẹ́ kó tó mú un jáde. Àtẹ́lẹwọ́ náà ti bó. Ibi tó jó gba ìka mẹ́rin kọjá, ó tò bí ìgbà tí èèyàn di irin mú.

"Omi gbígbóná ni, Mà."

"Omi máa ń ṣàn. Èyí kò ṣàn. Awọ rẹ wà lára sàlẹ́ńsà yẹn, Láolú. Ilé àyẹ̀wò yóò kà á. O ka àtẹ ọ̀rẹ́ rẹ, o sì yàn bí onímọ̀, kí gbogbo ojú lè yí sí i. Lẹ́yìn náà o fi ọwọ́ lásán tú sàlẹ́ńsà náà, kí o lè fi í sínú àpò rẹ̀. Olúwatìmí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ mọ́. Ooru kò sí nínú ìwé tí o tẹ̀."

Láolú jókòó. Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ọdún mẹ́ta ni Timothy fi ṣèlérí ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún mi. Èmi ni mo mú Olúwatìmí wá síbí. Lánàá, mo gbọ́ tí Timothy ń sọ fún un pé ìwé tirẹ̀ ti wọlé sí ọ́fíìsì ìjọba, àti pé ẹyọ kan péré ni òun lè ṣe. Fisà mi ń parí lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni mo gba ipò kìíní ní kíláàsì mi, Mà. Ipò kìíní."

Wọ́n mú un lọ.

Priscilla ṣí àpótí tábìlì ọkọ rẹ̀ fún àwọn Gárdà. Fọ́ọ̀mù méjì wà níbẹ̀. Orúkọ Láolú wà lórí ọ̀kan, ti Olúwatìmí wà lórí èkejì, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́. Gbogbo ìyókù ṣófo. Kò sí déètì, kò sí ìbuwọ́lù. Timothy kò fi ìkankan ránṣẹ́ rí.

Olúwatìmí ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

"Ṣé mo lè máa lọ, Mà?"

"O lè máa lọ."

"Síbo?"

Bàálù kan ń kọjá. Adéjùmọ̀kẹ́ dúró dè é kí ó kọjá. Nígbà tí ó kọjá tán, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.