Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Kọ̀ǹpútà Wening

Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni Galih, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà sórí káńtà, ó sì ti fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ kí wọ́n má bàa pààrọ̀ wọn. Ní ọjà kọ̀ǹpútà wa ní Surabaya, oníbàárà tó bá ṣe báyìí ń pè ọ́ lólè, kò kàn là á lẹ́nu ni.

Inú fẹ́ bí Galih. Ó gbójú sókè, ó rí ojú ọmọbìnrin náà, inú kò sì lè bí i mọ́.

"Kò tàn mọ́, Mas," ni Wening, ọmọbìnrin náà, wí. Mas ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́kùnrin níbẹ̀, Mbak ni ọ̀dọ́bìnrin. "Mo fi kún iyára rẹ̀ ni."

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí ti ti iyára rẹ̀ pa, Mbak. Báwo lẹ ṣe rí i ṣe?"

"Aago ìpìlẹ̀ tó ń darí iyára gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni mo sún sókè."

"Ẹ sún aago, mẹ́mọ́rì náà bá a sáré. Ṣé ẹ kọ́kọ́ dín iyára mẹ́mọ́rì kù?"

Wening mi orí pé rárá. Pak Sasmita, ẹ̀gbọ́n bàbá Galih tó ni ìsọ̀, yọjú láti ẹ̀yìn. "Ó ti jóná. Ẹ ra òmíràn."

"Kò jóná, Pakde." Galih yọ bátìrì kékeré inú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè gbàgbé iyára ọ̀hún, ó dá a padà, ó tàn án. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì dúdú. Wening nawọ́ láti pa á.

"Ẹ má pa á. Ó ń tún mẹ́mọ́rì rẹ̀ mọ̀ ni. Àwọn tí kò ní sùúrù ló ń sọ pé ó ti kú."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń tàn mí," Wening wí. " Ọ̀kan ní ó ti jóná, èkejì ní kí n dúró."

Ó dúró ṣá. Ẹ̀rọ tàn.

Bí ó ṣe di pé wọ́n jọ ń jẹ rujak, èso tí wọ́n fi ata pò, lórí àtẹ̀gùn ọjà nìyẹn, tí ìfẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ Wening sọ́nà ti níyàwó nílé, kò sì sọ fún un. Wening wá mọ̀ọ́mọ̀ sún iyára mẹ́mọ́rì sókè kí ẹ̀rọ má bàa tàn, ó sì gbé ẹ̀rọ wá nígbà tí Pak Sasmita wà níbẹ̀.

"Ó ti jóná," Pak Sasmita wí, ó yíjú sí Galih. "Tí o bá tún já mi nírọ́, kó ẹrù ẹ."

"Kò jóná," ni Galih wí, ó sì kó ẹrù rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, Wening bú sẹ́kún. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá purọ́ fún mi."

Ó dun Galih wọra. "Iṣẹ́ mi lọ nítorí ìdánwò. Ìfẹ́ tí o ní o ní sí mi yìí ńkọ́? Ṣé ìdánwò lòun náà?"

Wening fa fóònù yọ. Ó pe bàbá rẹ̀, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí Galih lè gbọ́. "Bàbá, mo fẹ́ mú ẹnì kan wá kí yín."

"Ṣé Galih náà ni? Tí o fi orúkọ ẹ̀ dí mi létí láti ìgbà òjò? Mo rò pé kò fẹ́ ẹ ni."

Wening fi ọwọ́ bojú. Galih gba fóònù. "Èmi ni, Bàbá. Mo fẹ́ kó àwọn òbí mi wá tọrọ rẹ̀."

"Ṣé o níṣẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Òní ló bọ́."

"Kí lo ṣe?"

"Wọ́n ní kí n purọ́ fún ọmọ yín, mo kọ̀."



"Ẹ tètè máa bọ̀," ni Bàbá wí. "Oúnjẹ ti ń tutù."