Àga Tí Greta Bá Wọn Kàn

Tanner Voss, ààrẹ ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fi òòlù onígi lu tábìlì ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti orí àga tó jókòó sí. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Kì í ṣe pé ohun tó ń sọ jọjú, ọ̀rọ̀ nípa orin tí wọn yóò lù níbi ijó ìgbà ìkórè ni. Ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni pé òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama Dunmore Falls, ààrẹ ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í di òòlù mú kó tún máa bá wọn jiyàn. Bó bá fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀, á gbé òòlù fún igbákejì, á bọ́ sáàárín àwọn yòókù, á nawọ́ bí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n bá dìbò tán ni yóò tó gba òòlù padà. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Àwọn òbí wa bá a bẹ́ẹ̀, àwa náà bá a bẹ́ẹ̀.

Greta Brekke ni igbákejì. Ó na ọwọ́ láti gba òòlù. Tanner wo ọwọ́ náà, ó fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Greta, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ìṣó lo fẹ́ kàn ni?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Greta fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Ta tiẹ̀ ni Tanner? Ọmọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ ni. Àwọn ààrẹ tó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn àárọ̀ kéde oúnjẹ ọ̀sán àti èsì bọ́ọ̀lù. Tanner sọ ọ́ di ibi tó ti ń ròyìn ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú àbá tí kò fẹ́ wá, á fa ìwé àbá náà ya lójú gbogbo èèyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa pàtẹ́wọ́. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé akin ni ẹni tó bá lè ya ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá jókòó ti Greta nílé oúnjẹ, ó sì mú wàràkàṣì díndín kan nínú àwo rẹ̀ láìtọrọ.

"Mo fẹ́ fi nǹkan kún òfin wa," ló wí. "Bí ìgbìmọ̀ bá dìbò tí kò tẹ́ ààrẹ lọ́rùn, kí ààrẹ fagi lé e. Ó parí."

"Kí wá ni ìgbìmọ̀ á máa ṣe?"

"Wọ́n á máa jẹ bisikíìtì." Ó mú wàràkàṣì mìíràn. "Gbọ́, Greta. Ta ló máa jẹ ààrẹ lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí tèmi bá parí? Ṣebí ìwọ náà ni. Èmi fúnra mi ni màá fa ọwọ́ rẹ sókè lójú gbogbo ilé ìwé. Ṣé àpótí lo fẹ́ wá bá níbẹ̀, àbí ìtẹ́?"

Ọkàn Greta ti gbà. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó sì ní èrò rere. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí agbára náà bá bọ́ sọ́wọ́ òun, rere lòun yóò fi ṣe. Gbogbo ẹni tó bá jàǹdùkú kan gbé àkàbà ló ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba, ń kọ́ wọn nípa Andrew Jackson, ààrẹ keje ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní àwọn ààrẹ mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀ kì í sáré fagi lé òfin tí àwọn aṣòfin bá ṣe. Wọ́n kà á sí ohun tí ààrẹ ń ṣe nígbà tí òfin bá tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n Jackson fagi lé òfin nítorí pé kò bá a lára mu. Òun nìkan fagi lé òfin ju àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ. Ó lé òṣìṣẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, ó fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Àwọn alátakò yà á sínú àwòrán bí ọba tó dé adé.

"Ọkùnrin nìyẹn!" Tanner kígbe láti ẹ̀yìn. Kò gbọ́ ju adé lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Pahoua Lor, tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Greta, nawọ́. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn méjèèjì ti ń ṣọ̀rẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fún un lágbára yẹn?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," Ọ̀gbẹ́ni Pruitt dáhùn. "Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé òfin tí a kò tíì lò tán. Ìwà ọkùnrin yẹn ló wọ inú rẹ̀, tó fẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé: nígbà tó lọ tán, àga náà kò súnkì. Tyler, tí ẹgbẹ́ alátakò fà kalẹ̀ ṣe igbákejì ààrẹ, nígbà tí ààrẹ kú tí àga kàn án, òun náà ń fagi lé tiwọn. Ìgbà náà ni ojú wọn tó là."

Pahoua bojú wo Greta. "Ṣé o gbọ́?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo gbọ́. Ìtàn àtijọ́ ni."

Nígbà tí wọ́n gbé àbá Tanner kalẹ̀, ìgbìmọ̀ pín sí méjì dọ́gba. Ohùn kan ló kù, ti Greta. Ó wo Tanner, Tanner ṣẹ́jú sí i. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni àbá di òfin, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, tí ó jẹ́ alámòójútó wọn, sì bọwọ́ lù ú. Ó ní àwọn ọmọ ló dìbò.

Kò pẹ́ tí ìyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ní Dunmore Falls, wákàtí kan wà lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ tí Pahoua wà ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan afárá kékeré fún ìdíje ìpínlẹ̀ Wisconsin, àwọn tó bá sì yege nínú àwọn ọmọ kíláàsì wọn yóò lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ mìíràn lè dúró lẹ́yìn ilé ìwé. Pahoua ò lè dúró. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ nílé iṣẹ́ wàràkàṣì, òun ló ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọjọ́rú nìkan ló ní.

Tanner ní òun fẹ́ kí gbogbo ilé ìwé máa fi wákàtí Ọjọ́rú yẹn pariwo láti fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù níṣìírí. Ìgbìmọ̀ dìbò pé rárá. Kódà Greta dìbò pé rárá.

"Mo fagi lé e," ni Tanner wí, ó sì lu òòlù. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀.

Pahoua bá Greta níbi tó ti ń ti àpótí ìwé rẹ̀.

"Igbákejì ni ọ́. Bá mi bá Tanner sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ. Kò gbọ́."

"Ẹni tí o gbé lé wa lórí ni kò gbọ́ tìẹ?"

"Pahoua, ṣe sùúrù. Tí mo bá di ààrẹ lọ́dún tó ń bọ̀, màá dá Ọjọ́rú padà."

"Ọdún yìí ni ìdíje. Kíláàsì wa nìkan ni wọ́n ń mú." Pahoua sọ báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Máa jẹ oyè rẹ lọ."

Nígbà tí àwọn afárá yòókù lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ lóṣù kẹta, ti Pahoua wà nínú páálí, kò sẹ́ni tó parí rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, ìdìbò dé. Greta ń retí kí Tanner wá fa ọwọ́ òun sókè. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Colt, ọmọ àbúrò bàbá Tanner, ni Tanner mú jáde sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá.

"Tanner, o ṣèlérí fún mi!" Greta sọ fún un lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "O mà mọ nǹkan rò o, Greta. Àmọ́ o ò lè pariwo."

Òtítọ́ ló sọ, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Greta ka ètò rẹ̀ fún wọn, ètò tó mọ́gbọ́n dání. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yán. "Ya á! Ya ìwé náà!" ni wọ́n ń kígbe. Colt, tí kò ní ètò kankan, gun orí tábìlì, ó gbé òòlù sókè, ó ké bí màlúù tí wọn ò tíì fún wàrà rẹ̀. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, wọ́n ti gbàgbé pé ààrẹ lè jẹ́ ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Wọ́n dìbò fún ariwo.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́ lábẹ́ Colt, Greta jókòó láàárín àwọn yòókù. Ó nawọ́, ó ní kí wọ́n dá Ọjọ́rú padà fún àwọn ẹgbẹ́. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè.

"Mo fagi lé e," ni Colt wí.

Greta dìde. "Ó dáa. Mo dá a lábàá pé kí a yọ òfin ìfagilé kúrò pátápátá." Gbogbo ọwọ́ tún gòkè.

Colt ronú díẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe. Ojú rẹ̀ wá tàn. "Mo fagi lé ìyẹn náà."

"O ò lè ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Kí ló dé tí mi ò lè ṣe é? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ìwọ lo dìbò sí i, ẹ̀gbọ́n."

Greta yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Pruitt. Olùkọ́ náà ń nu awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin yín," ló wí. Mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni tàbí ojo. Ní tèmi, ojo ni.

Greta sáré bá Pahoua níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn.

"Mo gbìyànjú lónìí. Colt ò gbà. Pahoua, mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú sí Tanner..."

"Tanner?" Pahoua wò ó tìyanutìyanu. "Tanner ò mọ orúkọ mi. Ìwọ lo mọ̀ pé Ọjọ́rú nìkan ni mo ní, o sì nawọ́ fún òfin rẹ̀."

Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ti, Pahoua sì lọ bá àwọn àbúrò rẹ̀. Greta dúró síbẹ̀, kò rí ẹni bá wí yàtọ̀ sí ara rẹ̀.

Mi ò káàánú rẹ̀ púpọ̀. Àwọn bíi Tanner ò lè ṣaláì wà láyé, ariwo ni wọ́n bí wọn mọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n tó ń bá wọn fẹ àga, tí wọ́n rò pé àwọn ni yóò jókòó sí i, àwọn ni mo kẹ́gàn. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́, kí o tó nawọ́ sókè láti fi agbára kún agbára ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ wo ẹni tí o kò lè fọkàn tán jù lọ ní kíláàsì yín. Bi ara rẹ bóyá o lè fi agbára yẹn lé òun náà lọ́wọ́. Bí o kò bá lè ṣe é, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀.