Amọ̀ Inú Sàlẹ́ńsà

Abẹ́ ọkọ̀ ni Bàrúwà wẹ́dà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, nígbà tí Dinah Kọ́mọláfẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì parọ́ fún un.

Bàbá Dinah, tíṣà ilé ìwé girama ní Ìlaròó, ló gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n bá a jó sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín rẹ̀ tó lu, ó ní kí ọmọ òun dúró tì í. Kò rán an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ku ọjọ́ mẹ́ta, orí ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ sì ni Dinah fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Àwòrán tó yà kò jọ ọ́ lójú mọ́. Ojúlówó ló ń wá, amọ̀ sísun tó wà nínú sàlẹ́ńsà gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ní kí ẹ yọ amọ̀ inú rẹ̀ fún mi."

Bàrúwà yọjú. "Ṣé Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn náà ni."

Ta ni yóò jiyàn? Ní àdúgbò wọn, ẹnu ọmọ tí a rán níṣẹ́, ẹnu ẹni tó rán an ni. Bàrúwà gé sàlẹ́ńsà, ó yọ amọ̀ sísun náà, ó fi páìpù òfìfo dípò rẹ̀. Ó ń jó o lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Ó ní kí Dinah sọ fún bàbá rẹ̀ pé ojú ìsopọ̀ ẹ̀yìn kò tíì dí, kí wọ́n gbé ọkọ̀ padà wá lọ́la, kí wọ́n má sì gbé e rìn jìnnà. Bàrúwà ti lọ jẹun nígbà tí bàbá wá gbé ọkọ̀.

Dinah kò jíṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ, bàbá á béèrè ohun tí wọ́n gé. Ó ní tí ìpàtẹ bá parí, òun á wá nǹkan sọ.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, bàbá lọ gbé Màmá àgbà, ìyá tó bí i, ní Ìmàsàyí kó lè wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Òjò ń rọ̀, wọ́n yí gíláàsì sókè.

Nínú gbọ̀ngàn, Dinah gbé amọ̀ náà sókè. Ó fi ihò wínníwínní inú rẹ̀ hàn wọ́n, tó dà bí afárá oyin, ó ṣàlàyé irin iyebíye tí wọ́n fi kun ún tó ń pa oró inú èéfín. Ìyáàfin Ìbíyẹmí, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, béèrè pé bí wọ́n bá yọ ọ́ ńkọ́.

"Èéfín náà lè pa èèyàn, mà. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí kò lóòórùn. Bó bá wọ inú ọkọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á rò pé oorun ló ń kùn àwọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Dinah rántí iṣẹ́ tí Bàrúwà rán an. Ó yá fóònù olùkọ́ rẹ̀, ó pe bàbá títí, kò gbé e.

Ìpẹtà ti jẹ ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni èéfín ojú ìsopọ̀ tí kò dí ń gbà wọlé. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bàbá, ó ṣí gíláàsì tirẹ̀ díẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ìyá rẹ̀ tó gbórí lé ìjókòó, ó tilẹ̀ dín ohùn rédíò kù kó lè sùn dáadáa. Nígbà tó yá, ó pè é títí, kò jí; nígbà tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, Màmá àgbà ti kú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Dinah kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe dá Bàrúwà lẹ́bi. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ geere. Bàbá kò nà án.

"Dinah, ká ní o jíṣẹ́ Bàrúwà fún mi ni, màá bínú sí ẹ. Bóyá n ó tiẹ̀ nà ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìbínú náà ì bá ti tán."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi àṣìṣe yín pamọ́ nítorí ìbínú òbí. Ìbínú òbí kì í pẹ́. Ikú ìyá àgbà kò ní ọjọ́ kejì tí yóò tán.